Ènì Lórí Músílì

Obìnrin kan wà lára àpò músílì tí mo máa ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ìkòròdú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì gbé àwo kan dání tí músílì kún inú rẹ̀ títí tó fi fẹ́ dà sílẹ̀. Mo kórìíra obìnrin yẹn. Ẹ yí àpò náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ní lẹ́tà tín-tìn-tín, pé ohun tó yẹ kí ẹnì kan jẹ lẹ́ẹ̀kan kò ju ìdajì ife kékeré lọ. Ìdajì ife! Èyí tó wà nínú àwo obìnrin yẹn tó ìyá àtọmọ jẹ. Iwájú àpò ń parọ́, ẹ̀yìn àpò ń sọ òótọ́, ìwọ tó o sì fi owó ara rẹ rà á ni wàá jìyà irọ́ náà.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, músílì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Óòtì tí wọn kò sè ni, tí wọ́n po àjàrà gbígbẹ, àgbọn gbígbẹ, ìpékeré ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà òyìnbó mọ́. Wọ́n máa ń da mílíìkì tútù lé e lórí ni, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò kan iná, kò ní ata, kò ní iyọ̀. Ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ rí i, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fẹ́ èèpo ẹ̀wà, ó ní, “Oúnjẹ adìẹ ni wọ́n tà fún ọ. Ṣé o ti di ọmọ adìẹ ni?” Mi ò rẹ́rìn-ín. Ní àkókò yẹn, kò sí nǹkan kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi ló gbé mi dé ìdí músílì. Àwa méjì péré ló kù fún ìyá wa, èmi obìnrin, òun ọkùnrin. Ó ń dá oko ẹ̀gẹ́ ní Agbowa, ara rẹ̀ le koko, àfi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ojú rẹ̀ náà sì ń wú tó bá jí láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kídìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Mo gbé e wá sí ilé mi ní Lasunwon, nítorí ibẹ̀ ló súnmọ́ ilé ìwòsàn tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Èmi àti ọkọ mi ti pínyà tipẹ́, àwọn ọmọ mi sì ti lọ sí ilé ìwé gíga, yàrá wà. Ìyá wa náà kó ẹrù rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó wá bá wa. Ó ní òun kò lè jókòó sí Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n máa fi fóònù ròyìn ọmọ òun fún òun.

Dókítà sọ fún wa pé ẹ̀rọ yẹn kàn ń bá wa fa ọjọ́ gùn ni, pé kídìnrín ẹlòmíràn ló lè gba àbúrò mi là. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó bá tirẹ̀ mu rẹ́gí. Mo fò sókè. Díẹ̀ ló kù kí n bọ́ bàtà kí n gun tábìlì iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀, ni dókítà bá ní kí n kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n. Ó wo òṣùwọ̀n, ó wò mí, ó ní, “Ẹ sanra jù, Mà. Tí a bá là yín báyìí, ewu wà fún ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ lọ fọn wá, a ó sì ṣe é.” Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó ní kí n lọ mú agbòjò mi wá láti ilé.

Inú bí mi. Ó bí mi sí dókítà, ó bí mi sí òṣùwọ̀n, ó bí mi sí ìbàdí mi. Télọ̀ ni mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń na téèpù mọ́ ìdí àti àyà àwọn obìnrin, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kò sí ara tí aṣọ kò lè yẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ìdí tèmi lè dínà mọ́ ẹ̀mí ẹnì kan.

Wọ́n ní kí n lọ rí ọmọbìnrin kan nínú ilé ìwòsàn náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ àwọn èèyàn bí a ti ń jẹun. Mo lè bí i lọ́mọ. Ó bi mí ní ohun tí mo ń jẹ láàárọ̀, mo ní búrẹ́dì àti àkàrà, nígbà míràn ìkọ́kọrẹ́ tó bá ṣẹ́kù láti àná tí ìyá mi bá ti gbé e kaná. Ó ṣàlàyé pé kálórì ni agbára tó wà nínú oúnjẹ, pé èyí tí ara kò bá rí ná, ọ̀rá ló máa ń sọ ọ́ dà kó lè fi í pamọ́. Ó ka oríṣiríṣi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀ pé kí n mú èyí tó bá wù mí. Mo mú músílì. Kì í ṣe pé mo mọ adùn rẹ̀. Mo mú un nítorí pé kò kan iná rárá, mo sì gbà pé oúnjẹ tí kò bá ti kan iná, ìyá mi kò ní rí ibi da òróró sí nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kìlọ̀ fún mi. Ó ní músílì dára, ṣùgbọ́n ó máa ń tanni jẹ, pé ó lè kéré lójú kí kálórì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, pàápàá níbi àjàrà, àgbọn àti ẹ̀pà òyìnbó yẹn. “Ẹ má dà á láti inú àpò sínú àwo láéláé, Mà. Ojú yín á sọ fún yín pé ó kéré, ẹ ó sì tún fi kún un. Inú ife ni kí ẹ kọ́kọ́ dà á sí, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ tó dà á sínú àwo. Àwo kékeré ni kí ẹ lò. Mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò ni kí ẹ dà sí i, kí ẹ sì wọn òun náà. Kò sí oyin, kò sí ṣúgà.” Ó fún mi ní ife ike kan tó gba ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan yẹn gẹ́lẹ́. Ife náà kéré débi pé mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọwọ́ tí ìyá mi ní, kí ẹ lè mọ ohun tí mo gbé ife yẹn lọ bá nílé. Edé gbígbẹ ló fi tọ́ wa. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ló ti tà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́ja yíyan, títí orúnkún rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Agolo mílíìkì ló fi ń wọ̀n ọ́n. Á bu edé kún agolo títí yóò fi ṣe ṣóńṣó lórí, á dà á sínú náílọ́ọ̀nù oníbàárà, lẹ́yìn náà ni yóò tún ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ènì nìyẹn. Oníbàárà kò ní láti bẹ̀ ẹ́ kó tó fi sí i. Àwọn kan wà nínú ọjà tí wọ́n máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ orí agolo kó lè rí pẹrẹsẹ. Ìyá mi kì í kí wọn. Olè ló ń pè wọ́n, lójú wọn pàápàá.

Ọwọ́ kan náà ló ń gbé wálé. Tó bá bu ìrẹsì fún wa, á bu ènì. Tó bá gé iṣu, ènì wà níbẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré tí ikọ́ bá ń ṣe wá, ṣíbí kan ni dókítà ní kó fún wa, ìyá mi á fún wa ní ṣíbí kan, á tún ro díẹ̀ sí i, ó ní kí ara wa lè tètè yá. Mi ò mọ bí a ṣe yè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọn músílì, ó dúró tì mí nínú kíṣíìnì. Mo dà á sínú ife, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ orí rẹ̀, èyí tó lé jábọ́ padà sínú àpò. Ìyá mi figbe ta.

“Astagafurulai! Ta lò ń rẹ́ oúnjẹ fún báyẹn?”

“Ara mi ni, Mà.”

“O ń ja ara rẹ lólè?”

Kí n tó yíjú, ó ti bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú àwo mi. Mo bù ú kúrò. Ó tún bù ú padà. Ẹ fojú inú wò ó, obìnrin tó ti lé lógójì ọdún àti ìyá rẹ̀, à ń fa àwo mọ́ ara wa lọ́wọ́ nítorí óòtì.

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Mo ní ènì yìí gan-an ni kálórì tí wọ́n ní kí n sá fún. Ó ní, “Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o kì í fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ tí o bá ń rán ni? Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò fún mọ́ ọn lára, ṣé ó ṣẹ̀ ọ́ ni?” Mo ní aṣọ kì í sanra. Mo pariwo, òun náà pariwo, àbúrò mi sì pè wá láti inú yàrá pé àwọn ará ilé kejì ń gbọ́.

Ojoojúmọ́ là ń jà báyìí. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi ṣàdédé rọ̀. Ó ní òun ti gbọ́, òun kò ní bu ènì mọ́. Ó ní kódà kí n jẹ́ kí òun máa bá mi ṣe é, kí òun máa rẹ ẹ́ sínú mílíìkì láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì nínú fíríìjì kó lè rọ̀ lẹ́nu, kí èmi náà lè ráyè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi lásìkò. Mo bi ọmọbìnrin ilé ìwòsàn, ó ní kò burú, bí a bá ṣáà ti wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ kó tó wú. Mo fi bí wọ́n ti ń rẹ́ ife han ìyá mi. Ó rẹ́ ẹ lójú mi, ó fún ojú pọ̀ bí ẹni tó lá ewúro. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ojú mi rí màbo. Mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn, àwọn ọlọ́kadà á máa pè mí, mi ò ní dáhùn. Mo pa ẹ̀bà alẹ́ tì. Obìnrin tó ń din dùńdún níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tó máa ń bá mi tọ́jú èyí tó bá jóná díẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ní kó má fi lọ̀ mí mọ́, ó sì bínú sí mi. Lọ́jọ́ kan ebi pa mí débi pé mo rán apá aṣọ ẹnì kan mọ́ ọrùn rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ni ín sì ké, mo tún bú u. Gbogbo èyí nítorí kí ìwọ̀n ara mi lè wálẹ̀.

Mo gun òṣùwọ̀n wọn, kò wálẹ̀. Mo padà lọ, kò wálẹ̀. Nígbà tí mo tún lọ, ó ti gòkè díẹ̀. Dókítà wo ìwé, kò wo ojú mi. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní oúnjẹ jíjẹ rọra bi mí pé, “Mà, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń jẹ nǹkan míràn mọ́ ọn?” Mo jágbe mọ́ ọn débi pé àwọn tó jókòó níta yọjú wọlé. Mo ní ṣé òpùrọ́ ló fi mí pè. Mo ní kó gbé músílì rẹ̀, kó lọ fi bọ́ ìyá rẹ̀. Mo gbà pé mo jàre, nítorí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ń kọjá ọ̀nà ọ̀fun mi ju èyí tí wọ́n ní kí n jẹ lọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, àbúrò mi ń lọ lójú wa. Awọ rẹ̀ ń dúdú, kò lè rìn láti yàrá dé pálọ̀ kó má sinmi. Bí wọ́n ti ń wọn oúnjẹ fún mi ni wọ́n ń wọn omi fún òun, nítorí ara rẹ̀ kò lè tu omi jáde mọ́. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ fún ìyá mi pé omi tó bá pọ̀ jù lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kó sì pa á. Ìyá mi ló ń bu omi náà fún un, ní ife kékeré tó ní ìlà lára, á sì pẹ́ kó tó bu òmíràn. Òǹgbẹ ń gbẹ ọmọkùnrin náà, á máa fi ahọ́n lá ètè. Mo máa ń wò ó báyẹn, kí n sì di ìdí ara mi mú bí ẹni fẹ́ já a sọnù. Ọ̀rá tèmi ni mo rò pé ó ń pa á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù kí n tó rántí pé mo gbàgbé téèpù mi sílé. Mo padà. Ilẹ̀kùn kíṣíìnì ṣí sílẹ̀, ìyá mi kẹ́yìn sí mi, ó ń bu omi àbúrò mi. Ó gbé ife náà sókè dé ojú, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo ìlà ara rẹ̀, ó sì ro ìkán kan padà sínú jọ́ọ̀gì. Ìkán kan ṣoṣo! Ó rọra gbé e kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fa àpò músílì. Ó wọn ẹ̀kún ife kan, ó rẹ́ ẹ, ó dà á sínú àwo mi. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ó bu òmíràn. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ike gàrí, ó mú ìgò oyin kan jáde, ó da oyin sí i, ó bu mílíìkì lẹ́búlẹ́bú sí i ní ṣíbí ṣíbí, ó bu omi sí i, ó rò ó pọ̀. Ó wá fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kó lè dà bíi pé ó kéré. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń jẹ ẹ́, tí mo ń sọ fún ara mi pé àjàrà tó ti rẹ ló ń dùn báyẹn, pé mílíìkì ló jẹ́ kó wú. Ìdí tí àpò fi ń tètè tán wá yé mi.

“Kí lẹ ń ṣe yẹn, Màámi?”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú padà. “Ènì lásán ni,” ló wí. “Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ti ń bu nǹkan láìfi ènì sí i. O ṣáà mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Díẹ̀ ló kù kí n gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ife omi wà níbẹ̀ lójú mi, omi inú rẹ̀ bá ìlà dọ́gba géérégé, kò lé, kò dín. Ọwọ́ kan náà ló bù ú.

“Ènì ti omi yìí dà?” Mo nawọ́ sí i. “Mo ní, ènì tibí dà, Màámi?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ṣíbí nílẹ̀.

“Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣe! Ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa! Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni!”

Ó jókòó sórí àpótí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. “Omi yẹn, tí mo bá fi kún un, á pa á,” ló wí. “Tìẹ, tí n kò bá fi kún un, wọ́n á gbé ìwọ náà lọ. Mẹ́rin ni mo bí, mo ti sin méjì. Ẹ̀yin méjì tó kù yìí, wọ́n ní àwọn máa gbé yín wọlé lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n la ìwọ, kí wọ́n la òun, kí èmi jókòó síta kí n máa fa tẹ̀sùbáà. Tí wọ́n bá jáde wá sọ fún mi pé ẹnì kankan kò jí ńkọ́?”

Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò ṣe mí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ẹ ti wá yàn, àbí? Ẹ ti yàn pé kí òun máa kú lọ, kí èmi máa sanra.”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Wàlàhí, n kò yan ẹnì kankan. Mo kàn fẹ́ kí ọjọ́ náà má tètè dé ni.”

Àbúrò mi ti jáde sí wa, ó fi ọwọ́ ti ògiri. “Àǹtí, ẹ fi Màámi sílẹ̀,” ló wí. “Èmi náà mọ̀.”

“O mọ kí ni?”

“Mo ti ń rí wọn láti ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé oyin yẹn sẹ́yìn gàrí kí ẹ má baà rí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n là yín nítorí mi.”

Mo ti bínú rí láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì bínú bí ti ọjọ́ yẹn. Àwọn méjèèjì! Èmi ń rìn nínú oòrùn, èmi ń fi ebi rán aṣọ, èmi ń bú ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwòsàn, wọ́n sì jókòó sínú ilé mi, wọ́n ń bọ́ mi bí àgbò Iléyá. Wọ́n ní ìfẹ́ ni. Kí ni kí n fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ara mi ni. Kídìnrín mi ni. Ebi tó ń pa mí, èmi ló ń pa. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹnì kan tó pè mí jókòó kó bi mí bóyá ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí! Tí wọ́n bá bi mí ni, ǹ bá sọ fún wọn. Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n là mí, pẹ̀lú ẹ̀rù náà.

Mo gbé àwo músílì yẹn, mo dà á sínú ike ìdọ̀tí, mo ju ìgò oyin lé e. Mo dojú kọ àbúrò mi. “Tí o kò bá fẹ́ kídìnrín mi, sọ ọ́ lójú mi. Má fi oyin sọ ọ́. Ṣé o fẹ́ kú ni?”

Ó ń sunkún. “Rárá, Àǹtí.”

“Ó dáa nígbà náà.”

Èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ìbínú ló ń pa mí lẹ́kún. Ìyá mi di ẹrù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. N kò dá a dúró, n kò sì bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ kejì, àbúrò mi gba ife ike yẹn lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ni yóò máa wọn músílì mi. Á jókòó sídìí tábìlì, á da óòtì sínú ife, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ orí rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ kó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, á wá ṣa àjàrà tó bá pọ̀ jù kúrò. Èmi náà á bu omi tirẹ̀, màá gbé ife dé ojú bí mo ti rí i tí ìyá mi ń ṣe. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí ẹ̀. Músílì náà wá di ohun tó jẹ́ gan-an, ó gbẹ, kò dùn, kò sì tó nǹkan, ṣíbí díẹ̀ ló ti parí. Mo bínú sí i lójoojúmọ́, mo sì jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Yẹ̀rì mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́ mi nídìí. Mo mú un wọlé lórí ẹ̀rọ, kò pẹ́, mo tún mú un wọlé. Nígbà tí mo tún gun òṣùwọ̀n, dókítà wo ìwé, ó wá wo ojú mi. Ó ní ó ti tó. Ó mú ọjọ́ fún wa.

Àbúrò mi ní òun kò ní wọ yàrá iṣẹ́ abẹ bí Màámi kò bá sí níta. Mo ní kó pè é lórí fóònù, ó ní rárá, ẹni tó lé e ni kó lọ mú un wá. Mo ní n kò lé e. Ó wò mí. Bí mo ti kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ kejì ni mo jáde, mo bu músílì sínú náílọ́ọ̀nù, mo kó ife, ọ̀bẹ, àwo kékeré àti mílíìkì mi sínú báàgì, mo sì gbé ìbínú mi wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni mo ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sí i pọ̀, ọ̀kan le ju èkejì lọ.

N kò bá a nílé. Wọ́n ní ó ti lọ sí Ọjà Olúwo. Ibẹ̀ ni mo ti rí i, ó jókòó sídìí ọpọ́n obìnrin tó gbé àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè máa tajà mọ́, ó ń bá a ta edé. Oníbàárà kan wà níwájú rẹ̀. Ìyá mi bu edé kún agolo títí ó fi ṣe ṣóńṣó, ó dà á sí náílọ́ọ̀nù, ó ki ọwọ́ bọ ọpọ́n, ó bu ènì lé e. Ìgbà yẹn ló gbójú sókè tó rí mi.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “O ti fọn,” ló wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Wọ́n ti mú ọjọ́?”

“Wọ́n ti mú un. Ó ní òun kò wọlé tí ẹ kò bá sí níta.”

Ó ń fi ìka ro edé inú ọpọ́n láìwò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò pọ̀ nínú ọkọ̀ wà lẹ́nu mi, n kò rí èyí tí mo lè sọ níbẹ̀.

“O ti jẹun?”

“N kò tíì jẹ.” Ohùn mi le. “Oúnjẹ mi wà lọ́wọ́ mi.”

“Mú un wá.”

“Màámi, ẹ má wulẹ̀…”

“Mo ní mú un wá.”

Mo gbé e fún un. Ó mú ife náà, ó da músílì sí i títí ó fi kọjá ẹnu rẹ̀, tí mo fi rò pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó mi ife náà kó lè jókòó dáadáa, ó gbé e dé ojú bó ti máa ń gbé omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da èyí tó lé padà sínú náílọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Àtẹ́lẹwọ́ o, bí àwọn tó ń pè ní olè. Àjàrà kan yọ sókè, ó fi èékánná mú un kúrò. Obìnrin tó ni ọpọ́n ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. “Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà lẹ rẹ́ ìyẹn?” Ìyá mi fa àwo kékeré náà súnmọ́ ara. Ó dà á sínú àwo, ó wọn mílíìkì, ó dà á lé e, ó sì gbé e fún mi.

“Jẹun. Tí o bá jẹ tán, a ó lọ mú ẹrù mi.”

Mo jókòó sórí àpótí láàárín òórùn ẹja yíyan, mo jẹ ẹ́. Kò gba àkókò. Ìyá mi jókòó, ó ń wo ẹnu mi títí mo fi ha ìsàlẹ̀ àwo.

“Ṣé ó tó ọ?”

“Ó tó mi, Mà.”

Irọ́ ni mo pa. Ebi ṣì ń pa mí, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún na ọwọ́ sí náílọ́ọ̀nù náà.